Wáyà òpó ọkọ̀ wa já ní Mindelo: ṣé ká dúró ni, àbí ká máa lọ sí Salvador?

Àdùnní Orí Omi (7 oṣù Kìíní, 9:10 àárọ̀)

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará òkun. Ẹ kú ìyèdún.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ̀ wá, èmi àti ọkọ mi nìkan la wà nínú ọkọ̀ onígbòkun wa. Mítà 11 ni gígùn rẹ̀, 1984 ni wọ́n kàn án. Southampton la ti ṣí ní oṣù Kẹjọ, a bá etíkun Pọtogí sọ̀kalẹ̀, a ṣe Kérésìmesì ní Las Palmas, ní erékùṣù Kánárì, a sì gbéra níbẹ̀ ní 28 oṣù Kejìlá. Bíi 870 máìlì òkun ni ibẹ̀ sí Mindelo, ní erékùṣù São Vicente ti Cabo Verde. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi rìn ín. Ẹ̀yìn wa ni atẹ́gùn wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bo gbogbo ojú ọ̀run. Okùn funfun pọ́n, ìgbòkun dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú amọ̀. Ọyẹ́ tí a mọ̀ nílé náà ni, òkun ló gbà wá bá wa.

Eruku yẹn ló kó wa yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sọ ìdákọ̀ró, ọkọ mi mú aṣọ funfun, ó ń nu àwọn wáyà tó di òpó ìgbòkun mú. Nígbà tó dé ìdí wáyà kúkúrú apá òsì, èyí tó wà lẹ́yìn, aṣọ há. Ó fà á, aṣọ ya. Fọ́nrán irin 19 ló wà nínú wáyà yẹn. Méjì ti já pátápátá, níbi tí wáyà ti wọnú orí irin tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ìka kàn án, ó gún mi. Òru mélòó la ti fi wáyà yìí sáré lórí agbami tí a ò mọ̀! Láti àná ni mo ti ń rò ó.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà létí màrínà tó ń ta irin-iṣẹ́ ọkọ̀, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì mọṣẹ́. Wáyà mílímítà 7, ìwọ̀n tiwa, wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí ni orí wáyà tó bá ìwọ̀n yẹn mu, irú èyí tí èèyàn lè fi sípánà dè fúnra rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ. Lisbon ni yóò ti wá, wọ́n ní ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Mindelo sí Salvador, ní Bahia ní Bràsíìlì, tó bíi 2,000 máìlì. Ọkọ̀ tiwa yóò lo bí ọjọ́ 17 sí 18. Ní 2 oṣù Kejì ni wọ́n ń ṣe ọdún Yemọja létíkun Rio Vermelho ní Salvador, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì ṣe gbà láti wọ ọkọ̀ yìí. Abẹ́òkúta ni ìyá tó bí ìyá mi ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orin Yemọja, létí odò Ògùn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Tí a bá dúró de Lisbon, ọdún yẹn ti kọjá lára wa. Ọkọ mi ní okùn Dyneema, okùn oníke kan tó lágbára gan-an, wà nínú ọkọ̀, a lè fi rọ́pò wáyà náà lọ́la ká máa lọ.

Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ẹnjiníà Àpápá (7 oṣù Kìíní, 10:02 àárọ̀)

Àdùnní ọmọ mi, ẹ kú ewu. Ọdún mélòó ni àwọn wáyà yẹn ti lò? Àwọn tó kù ńkọ́, ẹ ti nu wọ́n? Dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀.

Àdùnní Orí Omi (7 oṣù Kìíní, 10:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ọdún 12, bó ṣe wà nínú ìwé tí ẹni tó tà á fún wa kó lé wa lọ́wọ́. A ti nu gbogbo ẹ̀. Kò sí èyí tó tún já, àmọ́ ìpẹtà pupa wà ní ìdí èyí tó dojú kọ ọ́ lápá ọ̀tún.

Bàbá Ẹnjiníà Àpápá (7 oṣù Kìíní, 12:15 ọ̀sán)

Mo fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, n kò fi ìgbòkun jẹun rí. Ṣùgbọ́n irin ni irin.

Irin tí kì í dípẹtà yìí, afẹ́fẹ́ ló ń dáàbò bò ó. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án, ara rẹ̀ máa ń mọ́. Níbi tó ti wọnú orí irin, omi iyọ̀ a ṣẹ́ sínú rẹ̀, a dúró síbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè dé ibẹ̀, ìpẹtà a máa jẹ ẹ́ nínú níbi tí ojú kò tó. Ìdí tí ti ìsàlẹ̀ fi máa ń kú ṣáájú ti òkè nìyẹn. Tún fi kún un pé gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yí sọ́tùn-ún sósì, wáyà ń tẹ̀ díẹ̀ ní ojú ibi kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́. Bí méjì bá ti já, 17 tó kù ló ń ru ẹrù 19, ọjọ́ orí kan náà sì ni gbogbo wọn.

Nítorí náà ẹ má ronú wáyà kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúkúrú yẹn ni kí ẹ pààrọ̀, nítorí àwọn ló di àárín òpó mú. Tí àárín bá tẹ̀ lójú agbami, òpó á ṣẹ́ sí méjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò pàápàá, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 10 ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wáyà. Ẹ ti kọjá rẹ̀.

Ẹ dúró de Lisbon.

Tọ́lá Etí Thames (7 oṣù Kìíní, 2:30 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ má bínú pé mo ní èrò mìíràn. Dyneema kì í ṣe okùn lásán o. Bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ó lágbára ju wáyà lọ, ó sì fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti yọ wáyà dànù lóde òní tí okùn yìí nìkan di òpó wọn mú. Tí Ẹ̀gbọ́n Àdùnní bá ní mílímítà 10, tí ọkọ wọn sì mọ bí a ṣe ń hun ojú rẹ̀, wọ́n lè ṣe é láàárín ọjọ́ méjì. Mo mọ ohun tí ọdún Yemọja yẹn jẹ́ fún wọn, àwa la jọ sọ ọ́ ní Southampton.

Bàbá Ẹnjiníà Àpápá (7 oṣù Kìíní, 3:05 ọ̀sán)

Tọ́lá, òótọ́ lo sọ nípa agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi Dyneema di òpó rẹ̀ látilẹ̀ ti wọn gbogbo ẹ̀, ó ti wá ibi tí kò ti ní máa ha irin, ó ti fà á títí tó fi gùn dé ibi tó máa gùn dé. Ẹni tó dì í ní èbúté nítorí déètì kò tíì ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyẹn. Kí wọ́n mú un dání fún pàjáwìrì lójú òkun, mo fara mọ́ ọn. Kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò 2,000 máìlì, mi ò fara mọ́ ọn.

Ọmọ Ìlàjẹ (7 oṣù Kìíní, 7:48 alẹ́)

Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn baba wa tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947, tí òkun sì ń gbà lọ lójú wa báyìí. Mo ti rí àwọn apẹja tó jókòó ọjọ́ mẹ́sàn-án sétí omi pẹ̀lú àwọ̀n tí wọ́n ti tún ṣe tán, tórí pé ìgbì kò gbà wọ́n láyè. Ebi ń pa ilé, wọn ò lọ. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ojo.

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, Yemọja kì í ṣe ọlọ́jà tí ń pa àtẹ rẹ̀ dé lálẹ́ 2 oṣù Kejì. Ẹ máa bá a nínú omi lọ́jọ́ kẹwàá.

Àdùnní Orí Omi (8 oṣù Kìíní, 8:20 àárọ̀)

Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìlàjẹ fún ọkọ mi láàárín òru, àwa méjèèjì sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo sunkún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Láàárọ̀ yìí a lọ san owó orí wáyà mẹ́jọ. A ó dúró.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Bí ó bá ti wá rí báyìí, ẹ bá mi dá sí oúnjẹ. A ní ọjọ́ mẹ́wàá láti ra ọjà, mi ò sì mọ ohun tó lè pẹ́ níbi tí oòrùn pọ̀ tó báyìí. Fíríìjì wa kéré, sólà ló ń gbé e.

Sikirá Olóúnjẹ (8 oṣù Kìíní, 11:00 àárọ̀)

Ẹyin tí wọn kò gbé sí fíríìjì rí ni kẹ́ ẹ rà, ìyẹn á lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹ bá ń yí i padà lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Kábéèjì ju ewébẹ̀ mìíràn lọ, ewé ìta ni kẹ́ ẹ máa ṣí jẹ, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e sí méjì. Àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún, ẹ má kó wọn sójú kan náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní kó jẹ́ dúdú, kẹ́ ẹ sì gbé e kọ́. Gbogbo páálí ẹ jù ú sí orí èbúté kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹyin aáyán wà nínú wọn.

Gàrí ńkọ́? Ẹ ní ẹ kó o láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àdùnní Orí Omi (10 oṣù Kìíní, 6:35 ìrọ̀lẹ́)

Gàrí ṣì kù kóńgò mẹ́rin, èlùbọ́ náà wà. Ẹ ṣé, Sikirá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú yìí ṣe rí, nítorí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀. Porto Grande ni wọ́n ń pe èbúté náà, òkè ló yí i ká bí ẹni fọwọ́ kọ́ ọ. Òkè kan wà lódì kejì tó dà bí ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ń wo ọ̀run. Monte Cara ni wọ́n ń pè é, òkè ojú nìyẹn. Ní ọ̀rúndún 19, èédú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó jọ síbí fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1874, wáyà tẹligíráàfù tó gba ìsàlẹ̀ òkun lọ sí Recife gba ibí yìí kọjá. Nítorí náà wáyà kọ́ ló kọ́kọ́ dá ẹnikẹ́ni dúró ní Mindelo láti lọ sí Bràsíìlì, ó ti sin wọ́n lọ rí.

Òjò kò pọ̀ ní São Vicente rárá, ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí egungun. Omi tí a ń fà sínú táńkì, omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ ni. Ewébẹ̀ àti èso ń wá láti Santo Antão, erékùṣù kejì tí ọkọ̀ fẹ́rì ń gbé èèyàn lọ ní wákàtí kan. A lọ lánàá, Porto Novo la sọ̀ sí. Èmi tí mo ti ń rí òkúta pupa fún ọjọ́ mẹ́rin, mo dé àfonífojì tó kún fún ìrèké, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ẹ̀gẹ́. Mo bá ìyá àgbà kan nídìí àtẹ rẹ̀, mo béèrè "inhame", ara mi ti yá pé mo ti rí iṣu. Kókò ló nà sí mi! Kókò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Mo ra kókò náà. Mo tún rí òtílí, tí mi ò fojú kàn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Oúnjẹ wọn tó gbajúmọ̀ jù ni cachupa. Àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń sè papọ̀ fún wákàtí púpọ̀, wọ́n á fi ẹ̀gẹ́, ọ̀dùnkún, ẹja tàbí ẹran sí i. Ẹni tó bá jẹ àdàlú rí á mọ ìbátan rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá kù mọ́jú ni wọ́n ń dín láàárọ̀, tí wọ́n ń fi ẹyin lé lórí, èyí gan-an sì ni ọkọ mi ń bèèrè lójoojúmọ́.

Owó wọn ni ẹ̀ṣìkúdò. Yúrò kan jẹ́ 110 àti díẹ̀, kì í yí padà, nítorí náà ìṣirò ọjà rọrùn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (10 oṣù Kìíní, 9:12 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní Porto Novo? Mo ti fẹ́ sáré lọ sétí ọ̀sà wá pàdé yín!

Àdùnní Orí Omi (10 oṣù Kìíní, 9:30 alẹ́)

Àbúrò mi, Àjàṣẹ́ yín kọ́ o, èbúté tuntun lásán ni orúkọ náà lédè Potogí, ibi púpọ̀ ni wọ́n sì fún. A ó wá kí yín lọ́jọ́ kan, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí.

Àkànbí ní Bahia (11 oṣù Kìíní, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà. Ọdún kẹfà mi rèé ní Salvador. Mo fẹ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ nípa ohun tí ẹ bá pàdánù àti ohun tí ẹ kò pàdánù.

Ọjọ́ 2 oṣù Kejì tóbi lóòótọ́. Láti òwúrọ̀ kùtù ni èrò á ti tò pẹ̀lú òdòdó, lọ́fínńdà, dígí, ọṣẹ, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá, àwọn apẹja á wá gbé e lọ sójú agbami. Mi ò lè sọ pé kò dùn ún wò. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ débi pé ẹ lè má rí omi. Níwájú Salvador ni erékùṣù Itaparica wà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ìdákọ̀ró sí. Omi tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ló ti ń sun wà nítòsí èbúté rẹ̀, Fonte da Bica, ẹ lè fi kún táńkì. Ní erékùṣù kan náà ni wọ́n ti ń bọ Egúngún títí dòní, ní ilé Agboulá ní Ponta de Areia, pẹ̀lú orin tí ẹ̀yin náà máa gbọ́ tí ẹ óò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìyẹn kò ní parí kí ẹ tó dé.

Inhame tí ẹ fi sọkún yẹn, iṣu gidi ni níbí. Epo pupa wà, àkàrà wà ní gbogbo ìkóríta. Wọ́n ń pè é ní acarajé.

Ọ̀rọ̀ òkun: ẹ má yára sọ̀ sí gúúsù tààrà. Ẹ gbà á síhà ìwọ̀-oòrùn díẹ̀, kí ẹ kọjá ìlà agbedeméjì ayé láàárín dígírì 28 sí 30 ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí atẹ́gùn ti ń kú, tí òjò ti ń já lójijì, kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Erékùṣù Fernando de Noronha ti Bràsíìlì lẹ́wà, bíi 1,300 máìlì ni láti Mindelo, ṣùgbọ́n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ ó san owó fún, kò sì kéré. Ṣé físà ọkọ yín wà?

Àdùnní Orí Omi (14 oṣù Kìíní, 7:00 alẹ́)

Físà wà. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ọkọ mi ń lò, Lọ́ńdọ̀nù la ti gba ti Bràsíìlì. Níbí, ọ̀gá tó wo ìwé náà rí ECOWAS lára rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Èmi tí mo ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bi ní ìbéèrè jù. Inú ọkọ mi dùn títí di ìrọ̀lẹ́.

Àkànbí, ohun tí o kọ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti kọ Ponta de Areia sẹ́yìn ìwé ìrìn àjò wa.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lára Praça Estrela, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti bàtà, mo ń bá ọkọ mi sọ Yorùbá, mo gbọ́ lẹ́yìn mi: "Ẹ káàbọ̀, mà!" Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ti lo ọdún 14 níbí, ó fẹ́ ọmọ erékùṣù yìí. Ó ní mandjaku ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a wá láti ilẹ̀ Áfíríkà lókè, ì báà ṣe Sẹ̀nẹ̀gà, ì báà ṣe Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹ̀yà kan ní Guinea-Bissau ni. Ó dùn ún díẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì yára sọ pé àwọn àna òun fẹ́ràn òun. Mo ní kó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wá sínú ọkọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn ọkọ̀ tó wà níbi ìdákọ̀ró máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Mo sọ ohun tó ṣe wá. Tọkọtaya ará Faransé kan dáhùn pé ọwọ́ ara àwọn làwọn fi pààrọ̀ gbogbo wáyà ọkọ̀ àwọn. Wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú náà. Wáyà àlòkù kan àti orí wáyà kan tó ti gbó ni ọkùnrin náà mú wá, ó fi kọ́ ọkọ mi. Fọ́nrán 12 ló wà lóde wáyà, méje sì wà nínú. Wọ́n á tú 12 náà, wọ́n á ki irin ṣóńṣó kékeré bọ méje inú lórí, wọ́n á dá 12 padà sípò, kò gbọdọ̀ sí èyí tó gun èkejì. Wọ́n á dè é, wọ́n á tún tú u wò bóyá ẹnu wọn ti tẹ̀ wọlé dáadáa, kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù dí i kí omi má baà wọ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ọkọ mi ṣe é kó tó rí i ṣe.

Mo se ìrẹsì pẹ̀lú ẹja tó tutù láti ọjà ẹja, mo sì fi òtílí yẹn se mọ́ínmọ́ín, tí mo sè nínú agolo. Èèyàn mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ mítà 11! Àbíkẹ́yìn ọmọ Ìbàdàn yìí, ọmọ ọdún márùn-ún, kò tíì jẹ mọ́ínmọ́ín rí. Agolo mẹ́ta ló jẹ. Baba rẹ̀ ń wò ó, kò lè sọ̀rọ̀.

Sikirá Olóúnjẹ (14 oṣù Kìíní, 8:15 alẹ́)

Mọ́ínmọ́ín òtílí! Omi ojú bọ́ lójú mi.

Àdùnní Orí Omi (21 oṣù Kìíní, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹrù Lisbon dé ní ọjọ́ 18, bí wọ́n ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ méjì ni ọkọ mi fi ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ará Faransé náà dúró tì í nídìí òpó, èmi ni mo ń fi okùn fà wọ́n sókè. Nígbà tí a tú orí irin àtijọ́ apá ọ̀tún, èyí tó ní ìpẹtà, tí a fi ayùn là á, fọ́nrán mẹ́ta ti já nínú rẹ̀ tí kò hàn síta rárá. Bàbá, mo ya fọ́tò rẹ̀ fún yín. Ìyẹn ì bá ti wà lókè, ká sì ti máa lọ ní ọjọ́ 8 pẹ̀lú Dyneema lápá kan.

Lónìí a ta ìgbòkun, a kọjá Ilhéu dos Pássaros, a bọ́ sójú omi tó wà láàárín wa àti Santo Antão níbi tí atẹ́gùn ti máa ń le jù. Wákàtí mẹ́ta la fi lọ síwá sẹ́yìn. Wáyà tuntun gùn díẹ̀, a padà wá, a tún fà wọ́n le. Táńkì omi kún, gáàsì kún, dísẹ́ẹ̀lì wà. Ẹyin 60, kábéèjì mẹ́fà, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ọmọ Ìbàdàn gbé lórí wá, kò gbowó.

Láàárọ̀ ọ̀la la ó gbéra. Àkànbí, máa retí wa ní Itaparica lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì.

Àkànbí ní Bahia (21 oṣù Kìíní, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti sọ fún oníṣu.

Bàbá Ẹnjiníà Àpápá (21 oṣù Kìíní, 6:45 ìrọ̀lẹ́)

Mo rí fọ́tò náà. Mo wò ó tipẹ́tipẹ́. Ẹ máa fi aṣọ funfun nu wọ́n láràárọ̀, tòkè tilẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín.

Àdùnní Orí Omi (21 oṣù Kìíní, 7:02 alẹ́)

Àmín, Bàbá. Aṣọ náà ti wà lápò ọkọ mi.